Pijó 504 wágọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ má tíì wo ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn mọ́tò náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò!

Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún nílẹ̀ Yorùbá, tó sì wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn tàbí láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin nígbà èwe rẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dárúkọ Pijó 504 wágọ́ọ̀nù tí kò ní í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ̀ gbọọrọ, ìjókòó ìlà mẹ́ta, ẹrù lórí, èrò nínú, dẹ́rẹ́bà á gbé ìgbọ̀nwọ́ sójú wíńdò, á sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ díẹ̀ ló ń wọ Pijó ní gáréèjì, àwọn yòókù á fi bọ́ọ̀sì tẹ́ ara wọn lọ́rùn.

Lónìí, bọ́ọ̀sì kéékèèké ti gba gáréèjì mọ́ wọn lọ́wọ́, àmọ́ wágọ́ọ̀nù ò tíì kú o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kó lọ. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ wọ orí Jiji, tàbí kẹ́ ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń tajà lórí Facebook, kẹ́ ẹ wá Pijó 504 níbẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n á máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun lè wà ńbẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run lè wà ńbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà náà ò sì ní í ṣàì sí ńbẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀: bọ́dì ò lálèébù, ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà, éèsì ń mú bíi yìnyín, ẹ sanwó kẹ́ ẹ máa wà á lọ sílé.

Ṣé bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Oríṣìíríṣìí èèyàn ló ń wá ọkọ̀ yìí báyìí. Fẹ̀yìntì kan lè máa wá irú mọ́tò tí bàbá rẹ̀ wà nígbà tóun ṣì kéré. Oníṣòwò kan lè fẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù lọ́jọ́ Ajé, tó sì máa gbé tìyátọmọ lọ sóde àríyá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn mìíràn ń yá ọkọ̀ àtijọ́ fáwọn oníyàwó àtàwọn tó ń ya fíìmù. Owó tí púpọ̀ nínú wọn fẹ́ fi rà á kì í ṣe owó tí wọ́n rí he. Owó àjọ ni, owó kọ̀ọ́pù ni, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún retí ni. Bírú owó bẹ́ẹ̀ bá wọgbó, kì í tètè jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kẹ́ ẹ jókòó, ká jọ yẹ mọ́tò yìí wò látòkè délẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.

ỌKỌ̀ FARANSÉ TÓ DI ỌMỌ KÀDÚNÁ

Kéèyàn tó dá ọkọ̀ lẹ́jọ́, ó yẹ kó mọ ìran tó ti wá. Ọdún 1968 ni iléeṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1969, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ mọ́tò tó pegedé jù lọ nílẹ̀ Yúróòpù. Wágọ́ọ̀nù rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti Peugeot tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lọ́dún 1972, nígbà tó sì di ọdún 1975, iléeṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí PAN ti ń to mọ́tò ní Kàdúná. Ọdún 1975 yìí kan náà ni Ove Andersson gbé 504 lọ síbi ìdíje eré mọ́tò Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku, tó sì gba ipò kìíní. Kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún wa mọ́ pé mọ́tò náà lágbára.

Àwọn Faransé dáwọ́ 504 sálúùnù dúró lọ́dún 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń to 504 lọ́hùn-ún títí tá a fi kọjá ọdún 2000. Kí lèyí já mọ́ fẹ́ni tó fẹ́ ra ọkọ̀? Ó já mọ́ pé wágọ́ọ̀nù méjì lè jọra bí ìbejì nínú fọ́tò, kí ọ̀kan sì fi ogún ọdún ju èkejì lọ. Ẹ má gba "ti ayé àtijọ́ ni" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ ní kó sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kó sì fi ìwé tì í lẹ́yìn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lápá ọ̀tún. Nítorí náà, apá òsì ni sítíárìn àwọn 504 tí wọ́n tò fún wa ní Kàdúná máa ń wà. Bẹ́ ẹ bá rí fọ́tò tí sítíárìn wà lápá ọ̀tún, ó lè jẹ́ pé ibi táwọn èèyàn ti ń wakọ̀ lápá òsì, bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kẹ́ńyà, ni wọ́n ti jí fọ́tò ọ̀hún gbé. Ó sì lè jẹ́ pé òkè òkun ni mọ́tò náà ti wá lóòótọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ìbéèrè ti pọ̀ sí i nìyẹn.

Ẹ́ŃJÌNNÌ ṢEÉ TÚN ṢE, Ẹ̀YÌN Ọ̀HÚN NI KÒ ṢEÉ RÀ

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó ń ta mọ́tò ni pé, "Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa?" Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ tó bá di ti 504 wágọ́ọ̀nù, kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ gbọ́ ìdí.

Ẹ́ńjìnnì tó máa ń wà nínú wágọ́ọ̀nù tó ń mu pẹtiróòlù, irú èyí tó wà nínú 504 sálúùnù àti píkọ́ọ̀pù ni, 505 náà sì lo ọ̀kan nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe kó lè rọrùn fún àtúnṣe ni. Sílíìfù tí písìtọ́ọ̀nù ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ṣeé yọ, èyí ni pé tó bá jẹ, mẹkáníìkì á yọ ọ́, á fi tuntun sí i, láìjẹ́ pé wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti máa gbẹ́ inú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ti dàgbà sídìí Pijó mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹní mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ẹ sì lè wá àwọn ohun èlò rẹ̀ lọ sí Ládípọ̀ ní Muṣin tàbí Géètì n'Ìbàdàn, bẹ́ ẹ bá lè fara balẹ̀ yẹra fún ayédèrú.

Ẹ̀yìn mọ́tò náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Láti ìdí táyà iwájú dé ìdí táyà ẹ̀yìn sálúùnù, mítà 2.74 ni. Ti wágọ́ọ̀nù jẹ́ mítà 2.90. Òrùlé rẹ̀ gùn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè wà níbẹ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀, ìjókòó kẹta wà níbẹ̀ pẹ̀lú pákó ìsàlẹ̀ tó gbé e dúró. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tẹ́ ẹ lè yọ lára sálúùnù kẹ́ ẹ wá fi sára wágọ́ọ̀nù. Kódà irin tó gbé táyà ẹ̀yìn dúró yàtọ̀: ti 504 GL, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá mì láyè ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ti wágọ́ọ̀nù jẹ́ irin gbọọrọ kan ṣoṣo láti táyà dé táyà, sìpíríǹgì mẹ́rin ló sì gbé e dúró, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, nítorí ẹrù.

Ṣẹ́ ẹ wá rí i báyìí? Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, owó ló máa ná yín. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá jẹrà tàbí tí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ fọ́, ẹ lè lówó lọ́wọ́ kẹ́ ẹ má rí i rà. Ẹni tó bá ra wágọ́ọ̀nù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, tí bọ́dì rẹ̀ le, ti ra ọkọ̀. Ẹni tó bá ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọrin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà, ẹ́ńjìnnì nìkan ló rà, wọ́n kàn fi irin jíjẹrà dì í fún un ni.

FỌ́TÒ: OHUN TÓ FI HÀN ÀTI OHUN TÓ FI PAMỌ́

Ẹ kọ́kọ́ ka iye fọ́tò tó gbé síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iwájú àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló yà, tí kò sí ti ẹ̀yìn nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, tí kò sí ti ìjókòó kẹta, tí kò sì sí ti ìsàlẹ̀, ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn. Àwọn àgbà ló sọ ọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wo bóyá ara mọ́tò náà tutù nínú fọ́tò. Ọ̀dà tó ti ṣá, tẹ́ ẹ bá da omi sí i, á dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ẹ wo ìlà tó wà láàárín ilẹ̀kùn kan sí òmíràn: tó bá fẹ̀ lókè tó sì fún nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti kọlu nǹkan rí, tàbí kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀. Ẹ wo etí òrùlé. Bó bá tẹ̀ wọnú lọ́wọ́ méjèèjì, kẹ́ríà tí wọ́n ń di ẹrù lé ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ èrò tàbí ọkọ̀ alẹrù ni, kì í ṣe ti dókítà tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú fọ́tò yẹn, kẹ́ ẹ fi Google Lens wá a. Bẹ́ ẹ bá rí i pé fọ́tò kan náà ti wà lórí ìkànnì mìíràn, pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ní ìlú mìíràn, ẹ pa á tì. Ìṣẹ́jú méjì péré ni iṣẹ́ yẹn máa gbà, àmọ́ ó lè gba mílíọ̀nù kalẹ̀ fún yín.

Ní ti máìlì tó wà lójú aago, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Okùn ló ń wa aago mọ́tò ayé ìgbà yẹn, ẹni tó bá yọ okùn, aago dúró nìyẹn. Ẹ wo rọ́bà tó wà lórí búréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ara sítíárìn, ẹ wo ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Bí aago bá ní ọkọ̀ ò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀, tí irin ti yọ lábẹ́ rọ́bà búréèkì, èwo lẹ máa gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Ẹ FI FÓÒNÙ YẸ ẸNI TÓ Ń TÀ Á WÒ

Ẹ má tíì béèrè iye tó kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló ni mọ́tò náà, báwo ló ṣe dọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mélòó ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló dé tó fi fẹ́ tà á. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti fi akérò rí. Ẹ bi í bóyá ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ni ti àtilẹ̀wá. Ẹ ní kó ya fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: ti ìsàlẹ̀ mọ́tò, ti ilẹ̀ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ti nọ́ńbà ṣásí. Ẹni tí mọ́tò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, kò ní í pẹ́ kó tó yà á. Ẹni tí kò ní mọ́tò kankan ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, pé ọ̀nà jìn, pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ torí pé ẹnì kan ti ń bọ̀ wá gbé e lọ lọ́la.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Ẹ má fi owó kankan ránṣẹ́ nítorí kí wọ́n lè bá yín fi mọ́tò pamọ́. Ì báà ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ẹ má fi ránṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì kì í kọ́kọ́ béèrè owó ńlá, èyí tí kò ní í dun èèyàn ni wọ́n máa fi ṣe ìjẹ.

ỌJỌ́ TẸ́ Ẹ BÁ DÉBẸ̀

Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tẹ́ni tó ń tà á bá yín wá. Ẹ má gbé owó lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá síbi kọ́lọ́fín kan, ẹ yarí pé ibi tí èèyàn wà lẹ fẹ́. Kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi òjò máa ń dúró sí. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, ẹ fi ìka tẹ irin náà. Ẹ wo òkè táyà ẹ̀yìn nínú, ẹ wo irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ àwọn ilẹ̀kùn. Ibi tí irin bá ti dá bíi bísíkíìtì, tó ń fọ́ sí yín lọ́wọ́, ìpẹtà ti jẹ ibẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè fi ọ̀dà tàn. Mọ́tò tó gbé etí òkun Èkó pẹ́ lẹ gbọ́dọ̀ tún yẹ̀ wò ju ti Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin lọ, torí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í bá irin ṣọ̀rẹ́.

Àwọn panẹlibítà kan gbọ́n o. Wọ́n á fi fílà dí ihò, wọ́n á há a kó dán, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ òòfà máa mọ̀ ọ́n. Ẹ ra òòfà kékeré, kẹ́ ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kẹ́ ẹ máa gbé e kiri ara mọ́tò náà. Ibi tó bá ti lẹ̀, irin ni. Ibi tó bá ti já bọ́, fílà ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí kò lè ṣàìní fílà díẹ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ ìdajì ara rẹ̀ ni òòfà ò ti lẹ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wo abẹ́ rẹ̀ láìséwu. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Níbẹ̀ ni mẹkáníìkì á ti wo sìpíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn, bóyá ọ̀kan ti ṣẹ́ tàbí wọ́n ti fi igi tàbí rọ́bà tì í. Á wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, á wo òkè ṣọ́kábúsọ̀ iwájú níbi tó ti kan bọ́dì, nítorí bí ibẹ̀ bá ti ya, ọwọ́ dẹ́rẹ́bà ò ní í ká mọ́tò náà mọ́ tó bá bọ́ sí kòtò.

Ẹ́ńjìnnì ló kàn. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín nìyẹn, ẹ dúró kó tutù. Mọ́tò tó bá le máa ń ṣá láàárọ̀, tí wọ́n bá sì ti kọ́kọ́ mú un gbóná, ẹ ò ní í mọ̀. Lẹ́yìn tó bá tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀, kẹ́ ẹ yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, tàbí tí ọ̀rá ń léfòó lórí omi rédíétọ̀, ó ṣeé ṣe kí gáàsíkẹ́ẹ̀tì òkè ti jó. Orí ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe irin dúdú, alumíníọ́ọ̀mù ni, bó bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ó máa ń tẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ gbígbóná yìí, ẹ wo fáànù. Ọ̀pọ̀ 504 ló ní fáànù tó máa ń fúnra rẹ̀ dúró tí omi bá tutù, tó sì máa ń fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó bá gbóná. Tó bá bàjẹ́, àwọn mẹkáníìkì kan máa ń dì í pa kó lè máa yí ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn kì í ba mọ́tò jẹ́ lọ́jọ́ kan, àmọ́ ó máa sọ fún yín irú ìtọ́jú tí mọ́tò náà ti rí. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wo èéfín. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ. Èéfín dúdú, kábúrétọ̀ ló ń da epo jù, ìyẹn kéré sí wàhálà.

Ẹ wá wà á. Ẹ gbà á láyè lórí títì tó dáa àti èyí tó ní kòtò. Ẹ lo gbogbo jíà, tí jíà bá ń ta kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tẹ búréèkì níbi tí kò séwu, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń fà sápá kan. Ẹ ka ọjọ́ orí táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tẹ́ ẹ bá rí 3515, ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógójì ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é, táyà àgbàlagbà nìyẹn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dúdú tó. Èèyàn méje lẹ lè kó sínú ọkọ̀ yìí o. Bí táyà bá bẹ́ tàbí tí búréèkì kọ̀, a ò ní í máa sọ̀rọ̀ owó mọ́ nígbà yẹn.

PÉPÀ RẸ̀ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ pépà ló máa ń sọ ọkọ̀ dẹjọ́ jù. Nọ́ńbà ṣásí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà lára irin gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé mu, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí ìwé wà fún èyí tí wọ́n fi sí i. Ẹ wo nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Ọdún 2011 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, gbé nọ́ńbà tuntun jáde. Wágọ́ọ̀nù tó bá ṣì gbé èyí tó ṣáájú rẹ̀ sára, ó lè ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tún ìwé rẹ̀ ṣe. Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀: lẹ́tà búlúù ni ti aládàáni, pupa ni ti akérò, ewé ni ti ìjọba. FRSC ní ojú ìkànnì tẹ́ ẹ ti lè yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò, ẹ lò ó. Kẹ́ ẹ sì mú nọ́ńbà ṣásí lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá wọn ò jí i gbé.

Púpọ̀ nínú Pijó ayé ọjọ́un, ọkọ̀ ìjọba ni wọ́n, gbàǹjo ni wọ́n ti rà wọ́n. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìwé gbàǹjo. Èyí tó tún wá le jù ni ọkọ̀ olóògbé. Bàbá kú, ó fi wágọ́ọ̀nù sílẹ̀ sínú ọgbà, koríko hù yí i ká. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sọ fún ẹ̀gbọ́n, kò sọ fún àbúrò, ìyàwó kejì pàápàá ò gbọ́. Ẹ̀yin sanwó, ẹ tún un ṣe, ẹ kùn ún. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò dé láti ìlú òyìnbó, ó ní ta ló ta mọ́tò bàbá òun. Ẹjọ́ dé nìyẹn! Nítorí náà, bí orúkọ tó wà nínú ìwé bá jẹ́ ti ẹni tó ti kú, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ gíga fún àwọn ẹbí láti pín dúkìá rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí wọn ò bá ní i, ẹ ní kí wọ́n lọ gbà á kí wọ́n tó pè yín padà.

ÈLÓ LÓ YẸ KẸ́ Ẹ SAN?

Owó tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò kọ́ ni iye mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é. Ká ní ó pe é ní ₦3,000,000. Mẹkáníìkì yín wò ó, ó ní iṣẹ́ panẹlibítà àti wẹ́dà máa gba ₦600,000, táyà mẹ́rin ₦280,000, búréèkì ₦150,000, ìwé àti ìyípadà orúkọ ₦100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,130,000. A jẹ́ pé ₦4,130,000 ni mọ́tò yẹn máa jẹ́ kó tó dúró sójú títì, kì í ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ gbé ìwé ìṣirò yẹn síwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi nájà. Ẹni tó mọ ohun tó ń tà kò ní í bínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi owó díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ohun tójú ò rí, torí pé ọkọ̀ àgbà kì í sọ gbogbo àìsàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Tẹ́ ẹ bá ti gbà, báńkì ni kẹ́ ẹ ti sanwó, sínú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ kọ ìwé pé ẹ ti rà á, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì gba gbogbo pépà àti kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má gbàgbé epo. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo ti di ohun téèyàn ń fi ọgbọ́n rà. Wágọ́ọ̀nù oníkábúrétọ̀ yìí lè mu lítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kìlómítà 100. Láti Èkó dé Ìbàdàn, bíi lítà 16 nìyẹn ní àlọ nìkan. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, ẹ ti mọ iye tó jẹ́.

TA LÓ YẸ KÓ RÀ Á?

Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí kò ní mọ́tò mìíràn, tí kò sì ní mẹkáníìkì tó mọ Pijó, a bẹ̀ yín, ẹ wá nǹkan mìíràn rà. Ọkọ̀ yìí máa yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé owó tó kù nílé nìyẹn, tí owó iléèwé ọmọ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kó má bá orúkọ àtijọ́ sáré.

Àmọ́ ẹni tó ní sùúrù, tó ní ibi tó lè gbé ọkọ̀ sí lábẹ́ òrùlé, tó ní mẹkáníìkì àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì rí wágọ́ọ̀nù tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí pépà rẹ̀ mọ́, kó rà á, kó má wẹ̀yìn. Iléeṣẹ́ kankan kò tún ń ṣe irú rẹ̀ mọ́, èyí tó bá sì jẹrà lónìí, a ò ní í rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í ṣe mọ́tò o, ojú lọ́rọ̀ wà. Ẹ gbéra, ẹ mú òòfà dání, ẹ mú mẹkáníìkì dání, kẹ́ ẹ gba ẹ̀yìn wọlé.